Ẹ Má Torí Ìlà Kan Bó Gbogbo Ara Ọkọ̀

Sí Olóòtú Àgbà,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé síta kì í ṣe ti òṣèlú, kì í sì í ṣe ti owó epo, ṣùgbọ́n ó ká mi lára tó bẹ́ẹ̀ tí n kò fi lè gbé e mì. Ní ọjọ́ Sátidé tó kọjá, mo ń gba ẹ̀gbẹ́ títì kan kọjá ní Kubwa, nílùú Àbújá níbí, mo sì rí Peugeot 504 kan tí àwọn ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta yí ká, tí wọ́n ń fi sáńpépà gbígbẹ bó o láti bọ́nẹ́ẹ̀tì títí dé bùútù. Mo dúró, mo sì béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá wọn pé kí ló ṣe ọkọ̀ náà. Ó fi ìka tọ́ka sí i fún mi: ìlà kan ṣoṣo ni, kò gùn ju apá mi lọ, èyí tí ọlọ́kadà kan fi ọwọ́ ọ̀kadà rẹ̀ fà sára ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Nítorí ìlà yẹn ni wọ́n ṣe ń bó àwọ̀ tó ti wà lára ọkọ̀ náà láti ọjọ́ tó ti jáde nílé iṣẹ́.

Àwọn àgbà ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. N kò bá ọ̀gá náà jà, nítorí pé ẹni tó ni ọkọ̀ ló gbé iṣẹ́ fún un, ó sì ti gba àsansílẹ̀ owó. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun mi, torí pé ohun tí mo rí níbẹ̀ rán mi létí ohun tí èmi fúnra mi ti fi ọwọ́ ara mi fà rí.

Tíṣà ni bàbá mi ní Kàdúná. Ní ọdún 1981 ni wọ́n ra Peugeot 504 kan, aláwọ̀ búlúù bí ojú ọ̀run, ó sì wà lára àwọn tí wọ́n tò ní Kàdúná gan-an, nítorí pé láti ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ Peugeot ti ń to ọkọ̀ ní ìlú náà, bí wọ́n ṣe ń to ọkọ̀ ìjàpá ti Volkswagen ní Èkó láti ọdún kan náà. Bàbá mi kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àkísà gbígbẹ kan ọkọ̀ yìí. Ní àràárọ̀ Sátidé, wọn á ní kí á pọn omi garawa méjì wá, ọ̀kan fún ọṣẹ, ọ̀kan fún ṣíṣan kànrìnkàn. Wọn á kọ́kọ́ da omi lásán sí i láti òrùlé wá sílẹ̀ kí eruku lè ṣàn lọ, ẹ̀yìn ìyẹn ni ọwọ́ á ṣẹ̀ṣẹ̀ kan án. Àwa ọmọ a máa kùn pé wàhálà wọn ti pọ̀ jù. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, tí wọ́n sì padà sí Ìlọrin, èmi ni wọ́n fi ọkọ̀ náà lé lọ́wọ́, àwọ̀ rẹ̀ sì ń dán síbẹ̀.

Ní ọdún 2009, ìjì òjò kan gbá géètì ilé wa, etí irin rẹ̀ sì fa ìlà kan sára ilẹ̀kùn iwájú lọ́wọ́ òsì. Mo gbé ọkọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ péńtà kan tí n kò ní í dárúkọ. Ó ní kì í ṣe nǹkan bàbàrà, pé òun yóò bó ilẹ̀kùn náà kanlẹ̀ dé irin, òun yóò sì kùn ún lọ́tun. Ó bó o lóòótọ́. Òjò rọ̀ ní òru ọjọ́ yẹn, ilẹ̀kùn sì wà ní ìhòòhò lábẹ́ páànù. Nígbà tí mo débẹ̀ láàárọ̀, mo rí i pé ara irin náà ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, bí ìgbà tí wọ́n bu ata gbígbẹ tín-ín-rín sí i. Mo pe ọ̀gá sí i, ó ní pùráímà, ìyẹn ọ̀dà ìpìlẹ̀ tí wọ́n ń kùn sára irin, yóò bò ó. Pùráímà sì bò ó. Lẹ́yìn ọdún méjì, ilẹ̀kùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í lé ròrò bí ara ẹni tí iná jó. Mo fi èékánná tẹ ọ̀kan nínú rẹ̀, ó bẹ́, omi pupa sun jáde, irin tó ti di ìyẹ̀fun sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Kò tán síbẹ̀ o: bí oòrùn bá ràn sí ọkọ̀ náà, búlúù ti ilẹ̀kùn yẹn á máa fì sí àwọ̀ ewé, tí ti gbogbo ara tó kù kò sì rí bẹ́ẹ̀. Ìlà kan ni mo gbé lọ, ilẹ̀kùn tí kò tún ní àwọ̀ Kàdúná lára mọ́ títí ayé ni mo gbé bọ̀.

Mo sọ pé títí ayé, mo sì mọ ohun tí mò ń sọ. Irú ọ̀dà tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń lò fún ọkọ̀ nígbà náà, inú ààrò ni wọ́n ti ń fi ooru yan án, ooru náà a sì máa lé ní ìwọ̀n 120 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Wọ́n lè ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí pé bọ́dì òfìfo ni wọ́n ń gbé wọlé: kò tíì sí ìjókòó, kò tíì sí wáyà, kò tíì sí rọ́bà tàbí táńkì epo. Bí ọkọ̀ bá ti di ọkọ̀, kò sí péńtà náà láyé tó lè ti odidi rẹ̀ sínú irú ooru bẹ́ẹ̀ kí nǹkan mìíràn má yọ́ níbẹ̀. Ààrò tí àwọn péńtà tó dáńtọ́ ń lò lónìí kì í sábà kọjá ìwọ̀n 60 sí 80, ọ̀dà tiwọn sì dára, kò sẹ́ni tó ní kò dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀dà àkọ́kọ́. Àwọ̀ tí ọkọ̀ bá gbé wáyé, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ọkọ̀ náà ń ní in.

Ọ̀dà yìí sì fẹ́lẹ́ ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ. Bí a bá ka gbogbo rẹ̀ pọ̀, láti pùráímà tó wà lórí irin títí dé ojú tó ń dán, kì í sábà nípọn ju bébà ìwé méjì tí a fi lé ara wọn. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́, kò sí kílíà, ìyẹn ọ̀dà dídán tí kò ní àwọ̀, lórí rẹ̀ bíi ti ọkọ̀ òde òní. Àwọ̀ àti dídán jọ wà nínú ohun kan náà ni. Ìdí nìyẹn tí aṣọ funfun tí a fi nu 504 tàbí ìjàpá fi ń gba àwọ̀ ọkọ̀ náà sára. Àwọn mìíràn a máa rí i, ẹ̀rù á bà wọ́n, wọ́n á ní ọ̀dà ti kú, kí wọ́n kun ọkọ̀ lọ́tun. Ọ̀dà kò kú. Ojú rẹ̀ tí oòrùn ti sọ di ẹfun ló ń ṣí kúrò, àwọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀.

Ẹ̀bẹ̀ tí mò ń bẹ àwọn ọlọ́kọ̀ àti àwọn péńtà wa ni pé kí wọ́n wo ìlà náà dáadáa kí wọ́n tó fọwọ́ kan sáńpépà. Ẹ fọ ibẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ. Ẹ fi èékánná gba orí ìlà náà kọjá jẹ́ẹ́jẹ́. Bí èékánná kò bá kọ́, orí lásán ni ó wà. Ẹ bu omi sí i. Bí ìlà náà bá fara pa mọ́ nígbà tí ó tutù, tó tún yọjú nígbà tí ó gbẹ, ìwọ̀sàn rẹ̀ kò le. Bí èékánná bá kọ́, ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ nínú oòrùn: bí àwọ̀ ọkọ̀ náà ni ẹ rí níbẹ̀, ẹ dúpẹ́, bí ó bá jẹ́ àwọ̀ eérú, ó ti kan pùráímà, bí ó bá sì ń kọ mọ̀nà tàbí tó ti pọ́n, irin nìyẹn, kò sì yẹ kí ó sùn bẹ́ẹ̀ mọ́jú lásìkò òjò. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, kì í ṣe ìlà rárá. Ọ̀dà géètì tàbí ti ọkọ̀ tó gbá a ló lẹ̀ mọ́ ọn, kẹrosíìnì díẹ̀ lára aṣọ rírọ̀ yóò sì mú un kúrò, kí a sì fi omi ọṣẹ fọ ibẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Mo ti rí ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ kun ilẹ̀kùn rẹ̀ nítorí irú nǹkan báyìí.

Bí orí lásán ni ìlà wà, kọ́ńpáùn, ìyẹn ìpara tí wọ́n fi ń dán ojú ọ̀dà, àti aṣọ rírọ̀ ló sábà máa ń tó o. Bí kò bá tó, a ó lo sáńpépà omi, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí tí mo rí ní Kubwa, tí wọ́n kọ 80 sí ẹ̀yìn rẹ̀. Bí nọ́ńbà ẹ̀yìn sáńpépà bá ṣe kéré tó ni ẹnu rẹ̀ ṣe mú tó. Nọ́ńbà 80 a máa jẹ bọ́dì fílà, ohun líle tí wọ́n fi ń dí ibi tó tẹ̀ lára ọkọ̀, ká má tilẹ̀ sọ ọ̀dà tí kò nípọn ju bébà méjì lọ. Nọ́ńbà 2000 àti 3000 ni iṣẹ́ yìí ń fẹ́. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tí ọṣẹ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, ẹ gé sílípáàsì rọ́bà pélébé kan, kí ẹ fi sáńpépà náà wé e, torí pé orí ìka ènìyàn kò tẹ́jú, ọ̀nà ìka mẹ́ta ló máa hàn lára ọkọ̀ bí a bá fi ọwọ́ lásán rẹ́ ẹ. Ẹ máa bu omi sí i léraléra, ẹ máa nù ún wò lẹ́yìn gbogbo ìgbà mẹ́wàá tí ọwọ́ bá lọ tó bọ̀. Ẹ jìnnà sí etí ilẹ̀kùn àti ibi tí irin ti ṣẹ́po, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀dà ti fẹ́lẹ́ jù, ibẹ̀ sì ni irin ti máa ń yọjú láìròtẹ́lẹ̀. Kí á má sì ṣe é nínú oòrùn ọ̀sán Àbújá. Ara ọkọ̀ á gbóná, kọ́ńpáùn á gbẹ mọ́ ọn, yóò sì tún ha á ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ti ìlà tó jìn ló gba sùúrù. Ọ̀dà ni a ó fi dí ojú ìlà náà nìkan, a kò ní í kun ìta rẹ̀. Bí irin bá ti pọ́n, a ó fi ẹnu ọ̀bẹ kékeré họ ọ́ títí yóò fi mọ́, a ó nu gbogbo ọ̀rá kúrò, a ó sì fi búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín tàbí ẹnu igi ìtayín fi pùráímà sí ibi tí irin ti hàn. Bí ó bá gbẹ, a ó máa fi ọ̀dà sí i ní ìpele fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ọ̀kan lónìí, òmíràn lọ́la, títí yóò fi ga ju ojú ọkọ̀ lọ díẹ̀. Ibí yìí ni ìkánjú ti ń ba iṣẹ́ jẹ́. Bí a bá dà á sínú ìlà lẹ́ẹ̀kan náà, orí rẹ̀ á gbẹ, inú rẹ̀ á ṣì rọ̀, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan yóò sì rì wọlé, ìlà náà á tún hàn. Ẹ fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, ó kéré tán, kí ẹ tó fi sáńpépà omi rẹ́ ẹ dọ́gba pẹ̀lú ara ọkọ̀, kí ẹ sì fi kọ́ńpáùn dán an. Ẹ má fi wáàsì, ìyẹn ìda tí wọ́n fi ń bo ojú ọ̀dà, sí i títí oṣù kan yóò fi pé, kí ọ̀dà lè mí.

Ní ti àwọ̀ tó bára mu, nọ́ńbà ọ̀dà a máa wà lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Lára àwọn Mercedes irú W123, ara irin tó wà lókè rẹdiétọ̀ ni wọ́n ti máa ń rí i. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà nìkan kò tó fún ọkọ̀ tí oòrùn ti pa fún ogójì ọdún. Ẹ kọ́kọ́ fi kọ́ńpáùn dán ibi tó sún mọ́ ìlà náà kí àwọ̀ gidi lè jáde, nítorí pé ẹni tó bá po ọ̀dà láti bá àwọ̀ ẹfun mu yóò kábàámọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá dán ọkọ̀ náà. Ẹ tún ṣí ìdérí ibi tí a ti ń bu epo, ẹ wo inú rẹ̀, oòrùn kì í débẹ̀. Ẹ fi ọ̀dà tí wọ́n pò náà ra bébà líle, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ gbé e ti ara ọkọ̀ ní ìta gbangba. Iná inú ṣọ́ọ̀bù a máa parọ́.

Bí ó bá sì wá pọndandan láti fọ́n ọ̀dà, kí péńtà béèrè irú ọ̀dà tó wà lábẹ́. Ẹ fi tínà díẹ̀, omi tí wọ́n fi ń po ọ̀dà, sára aṣọ funfun, kí ẹ fi nu ibi tó fara pa mọ́. Bí àwọ̀ bá yọ́ sára aṣọ náà, ọ̀dà cellulose ni, irú èyí tó máa ń gbẹ kíákíá láìsí ààrò. Bí ojú ọ̀dà bá wú tó hunjọ, ọ̀dà olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ti fi kun ọkọ̀ náà tẹ́lẹ̀ nìyẹn, cellulose tí ẹ bá sì fọ́n lé e yóò hun ún jọ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Bí kò bá ṣe nǹkankan, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀dà àkọ́kọ́ tí wọ́n yan nínú ààrò, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún inú rò.

Àwa tí à ń gbé ìhà Àríwá tún ní ọ̀tá kan tí àwọn ará Èkó kò mọ̀ tó wa, òun ni eruku ọyẹ́. Láti nǹkan bí oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kẹta ni afẹ́fẹ́ ń gbé e wá láti aṣálẹ̀ Sahara, pàápàá láti pẹ̀tẹ́lẹ̀ Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad, ohun tí ojú rí bí ìyẹ̀fun náà sì jẹ́ wóró yanrìn kéékèèké tí ó le ju ọ̀dà èyíkéyìí lọ. Bí ẹ bá dé ibi ìgbọ́kọ̀sí ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, ẹ ó rí àwọn ọmọdé tí wọ́n ń fi àkísà gbígbẹ gbọn ọkọ̀ kiri nítorí kí á lè fún wọn ní owó. Ire ni wọ́n rò. Ṣùgbọ́n sáńpépà ni àkísà náà láti ìgbà tí eruku ti wọ̀ ọ́, ìlà róbótó-róbótó tí a sì ń rí lára ọkọ̀ dúdú nínú oòrùn, ibẹ̀ ló ti wá. Mo ti ń fún wọn ní owó báyìí kí wọ́n má baà fọwọ́ kan tèmi. Ìyẹn gan-an ni ohun tí bàbá mi ń fi omi garawa méjì sá fún.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà tó wúwo ju ẹwà ọkọ̀ lọ. Áádínà, ìyẹn èròjà tó ń mú ọ̀dà le, tí wọ́n ń pò mọ́ kílíà àti ọ̀dà òde òní ní èròjà tí à ń pè ní isocyanate nínú. Bí wọ́n bá fọ́n ọn, tí ènìyàn sì ń fà á símú, ó lè fi ikọ́ fée ṣe onítọ̀hún, ẹni tí ara rẹ̀ bá sì ti kọ̀ ọ́, díẹ̀ báyìí tó láti dá a wólẹ̀. Áńkáṣíìfù tí àwọn ọmọ iṣẹ́ ń dì mọ́ imú kò lè dá a dúró. Ìbòjú tí afẹ́fẹ́ mímọ́ ń gba inú ọ̀pá wọ̀ ni àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ń lò. Àwọn ọ̀dà àtijọ́ kan náà ní òjé nínú, pàápàá nínú àwọ̀ pupa àti àwọ̀ òféefèé, ìdí sì nìyẹn tí bíbó ọkọ̀ àtijọ́ ní gbígbẹ, tí eruku rẹ̀ ń wọ imú ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, kò fi yẹ kí á máa wò ó níran. Ẹni tó bá fi búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín àti omi tún ìlà kan ṣe kò fọ́n ohunkóhun sínú afẹ́fẹ́.

Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀gá péńtà máa ní ìdáhùn, ìdáhùn náà sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n ní ilẹ̀kùn kan ni oníbàárà ń san owó fún, kì í san owó fún ìlà kan; pé bí àwọn bá fi ọjọ́ mẹ́rin jókòó ti ìlà kan, tí àwọn sì dá iye kan, oníbàárà á ní ṣé ẹ kàn fi igi ìtayín tọ́ ọ ni. Àwa ọlọ́kọ̀ ló jẹ̀bi èyí. Ọ̀dà tí péńtà lò ni à ń wò, a kì í wo ọ̀dà tí kò jẹ́ kó bàjẹ́. Ó yẹ kí á lè sọ fún péńtà ní ẹnu ọ̀nà pé, "Ọ̀gá, ìlà yìí nìkan ni mo gbé wá, ẹ má kọjá ibẹ̀, iye tí ẹ óò gbà fún ilẹ̀kùn ni n óò san." Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá ni ọmọ kan fi kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ha ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ bàbá mi, ibi tí ọ̀dà Kàdúná ṣì wà. Mo gbé e lọ sí ọgbà àwọn mẹkáníìkì ní Apo, sọ́dọ̀ àgbàlagbà kan tí kò lo kọ̀mpúrẹ́sọ̀ rárá fún iṣẹ́ náà. Ó ní kí n jókòó. Ó fi èékánná gba orí rẹ̀ kọjá, ó bu omi sí i, ó tẹ̀ ba, ó sì wò ó pẹ́. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi ń fi ọ̀dà sí i ní ìpele-ìpele, ó ní kí n padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, ọjọ́ yẹn ló sì rẹ́ ẹ dọ́gba. Bí ẹ bá mọ ibi tí ó wà, tí ẹ sì tẹ̀ ba nínú oòrùn, ẹ ó rí i bí okùn òwú kan ṣoṣo. Bàbá mi wá sí Àbújá lẹ́yìn Àjíǹde, wọ́n yí ọkọ̀ náà ká lẹ́ẹ̀mejì, wọn kò rí i. Ilẹ̀kùn iwájú lọ́wọ́ òsì ni wọ́n dúró tì, wọ́n gbé ọwọ́ lé e, wọ́n sì béèrè lọ́wọ́ mi pé ta ni mo gbé e fún.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Ọmọ Tíṣà,
Kubwa, Àbújá.